Eyín Tó Ń Dùn ní Asese: Ṣé Iná Léésà Lè Wo Mùdùnmúdùn Inú Rẹ̀ Sàn?

Bí eyín bá mú ènìyàn lóru, ẹni náà nìkan ló mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Ará ilé á ti sùn, ajá àdúgbò á ti dákẹ́, òun nìkan ni yóò jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ á wà lẹ́rẹ̀kẹ́, eyín á máa sọ gbì-gbì bí ẹni ń gún iyán lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Bí ó bá dùbúlẹ̀, á le sí i. Bí ó bá dìde jókòó, á dín díẹ̀. Kò sí ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí tó lè bá a rù ú.

Ẹ jẹ́ kí á fi alákàrà kan ní Asese ṣe àpẹẹrẹ. Kò lórúkọ, nítorí irú rẹ̀ kì í ṣe ẹnì kan. Asese tí à ń wí ni èyí tó wà láàárín Ibafo àti Mowe, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, níbi tí NASFAT ní ilẹ̀ àdúrà sí, tí tírélà ń kọjá tọ̀sán-tòru lójú títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Aago mẹ́rin ìdájí ni alákàrà yìí máa ń jí lọ ẹ̀wà. Ihò kékeré kan wà lára eyín ẹ̀yìn rẹ̀ lápá ọ̀tún. Ní oṣù àkọ́kọ́, omi tútù ló fi mọ̀ pé nǹkan fẹ́ ṣe é. Ó mu píọ̀-wọ́tà tó tutù, ó sì dà bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un, ṣùgbọ́n bí ó ti gbé omi náà mì, ìrora lọ. Ó ní kò sí nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi apá òsì jẹun. Nígbà tó di oṣù kẹta, eyín náà kò dúró de omi tútù mọ́, òru ni ó ń yàn.

Ẹ wá wo ìmọ̀ràn tó gbà nídìí iná àkàrà lọ́jọ́ kejì.

“Ìyá Alákàrà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọ omi bátìrì díẹ̀ sórí òwú, kí ẹ fi dí ihò yẹn,” awakọ̀ tírélà kan ló wí bẹ́ẹ̀. “Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ ò ní gbúròó ẹ̀ mọ́.”

“Ẹ má dá a lóhùn o,” ìyá aláta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dá a lẹ́nu kọ́. “Ẹ lọ yọ ọ́ dànù jàre. Eyín mélòó lẹ fẹ́ fi jẹun?”

Ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe wá dá sí i: “Màmá, wọn ò yọ eyín mọ́ láyé ìsinsìnyí. Iná léésà ni wọ́n ń tàn sí i. Mo rí i lórí fóònù. Tí wọ́n bá ti tàn án, inú eyín á wo ara ẹ̀ sàn.”

Nínú àwọn mẹ́ta yìí, ẹni àkọ́kọ́ fẹ́ pa á lára, ẹnì kejì kánjú, ẹnì kẹta sì mú ìdajì òótọ́ wá. Ìdajì òótọ́ yẹn dùn létí, ó sì lè gba eyín là, ṣùgbọ́n ó tún lè mú kí ènìyàn jókòó sílé máa retí iṣẹ́ ìyanu títí eyín á fi kú.

Ìgbín nínú ìkarahun

Eyín kì í ṣe òkúta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó le látòkèdélẹ̀ ni, bí èyí tí wọ́n ń rí lẹ́nu òkú ẹran. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìkarahun ìgbín ni ká fi wé e. Èèpo funfun tó wà lóde ló le jù nínú gbogbo ara ènìyàn, ó le ju egungun lọ. Lábẹ́ èèpo yìí ni egungun eyín wà, tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí ihò tín-ín-rín tí ojú kò lè rí sì pọ̀ nínú rẹ̀. Láàárín gbùngbùn ni yàrá kékeré kan wà, ibẹ̀ sì ni mùdùnmúdùn eyín ń gbé. Ẹran tútù ni, ẹ̀jẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀ nínú rẹ̀, ìṣàn tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ sì wà níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọlé wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ní ṣónṣó gbòǹgbò eyín, kò sì tó ojú abẹ́rẹ́ ìránṣọ.

Ìdí tí eyín fi ń dunni ju egbò ẹsẹ̀ lọ nìyẹn. Bí ẹsẹ̀ bá wú, awọ á fà, á fún wíwú náà láyè. Bí mùdùnmúdùn eyín bá wú, ibo ni yóò wú sí? Yàrá rẹ̀ kò ní fèrèsé. Á máa fún ara rẹ̀ lọ́rùn. Bí ènìyàn bá sì dùbúlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á túbọ̀ rọ́ lọ sí orí, ìfúnpá á pọ̀ sí i, ó di kí á dìde jókòó lóru.

Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́dàá kò fi mùdùnmúdùn yìí sílẹ̀ láìní olùgbèjà. Ní ìhà ògiri yàrá náà ni àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké kan tò sí bí bíríkìlà, iṣẹ́ tiwọn sì ni kí wọ́n máa mọ egungun eyín láti inú wá, títí ọjọ́ ayé ẹni. Bí akokoro bá ń gbẹ́ ihò bọ̀ láti òde, àwọn bíríkìlà wọ̀nyí á máa mọ ògiri tuntun nínú láti dínà fún un. Bí akokoro bá ń yára ju wọn lọ ni wàhálà dé. Kódà bí àwọn bíríkìlà náà bá kú, mùdùnmúdùn tó ṣì wà láàyè lè pe àwọn mìíràn dìde kí wọ́n wá mọ ògiri náà. Ìwòsàn mùdùnmúdùn eyín tí àwọn dókítà ń sọ kò ju èyí lọ: kí ara fúnra rẹ̀ ní àyè láti mọ ògiri.

Kí ló ń gba àyè yẹn lọ́wọ́ rẹ̀? Èsì ìbéèrè yìí hàn gbangba ní ọdún 1965. Àwọn oníṣègùn mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Kakehashi, Stanley àti Fitzgerald, mú eku oríṣi méjì. Oríṣi kan jẹ́ eku lásán tí kòkòrò àìfojúrí kún ẹnu rẹ̀ bí tiwa. Èkejì, inú àpótí tí kòkòrò kan kò lè wọ̀ ni wọ́n ti tọ́ wọn dàgbà. Wọ́n lu eyín àwọn eku náà títí mùdùnmúdùn fi hàn síta, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí oúnjẹ máa wọ inú ihò náà. Mùdùnmúdùn àwọn eku lásán kú, ó di ọyún. Ti àwọn eku tí kò ní kòkòrò ńkọ́? Oúnjẹ ń há sí ihò lójoojúmọ́, síbẹ̀ ara mọ ògiri tuntun bo mùdùnmúdùn náà. Wọn kò fi oògùn kankan sí i. Kòkòrò ni kò sí níbẹ̀.

Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ohun tí àwọn eku ọdún 1965 fi hàn nìyẹn, kò sì sí léésà tó tíì yí i padà.

Sìmẹ́ńtì tó ń wo eyín

Kí á tó dé orí iná léésà, ohun kan wà tí yóò ya àwọn bíríkìlà lẹ́nu. Ní ọdún 1920 ni oníṣègùn eyín kan ní Jámánì, Hermann, mú irú ẹfun tí wọ́n ń rí láti ara òkúta tí wọ́n sun, tí wọ́n sì bu omi lù, wọ inú iṣẹ́ eyín. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé bí wọ́n bá fi ẹfun yìí bo mùdùnmúdùn tó ṣí sílẹ̀, ó máa ń pa kòkòrò, ó sì máa ń ta àwọn bíríkìlà inú eyín jí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ni wọ́n ń lò káàkiri ayé, wọ́n sì ń lò ó síbẹ̀.

Ní ọdún 1993 ni Torabinejad àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Loma Linda ní California gbé ohun mìíràn jáde tí wọ́n ń pè ní MTA. Kí ni wọ́n fi ṣe é? Sìmẹ́ńtì ni. Irú ẹ̀yà sìmẹ́ńtì tí wọ́n ń pè ní Portland, tí ilé-iṣẹ́ Ewékorò ti ń lọ̀ láti ọdún 1960, lọ́nà Ifọ̀ sí Abẹ́òkúta, tí tírélà sì ń kó kọjá ní iwájú alákàrà wa ní Asese. Wọ́n sẹ́ ẹ mọ́ kanlẹ̀, wọ́n fi èròjà tó ń jẹ́ kí fọ́tò eyín hàn kún un, wọ́n sì ń po díẹ̀ bíńtín láti fi dí ojú mùdùnmúdùn. Ó máa ń le nínú omi, bí sìmẹ́ńtì kànga, kì í sì í jẹ́ kí kòkòrò rí ojú ihò wọlé. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ló ti fi hàn pé ògiri tí ara ń mọ sábẹ́ rẹ̀ nípọn ju èyí tó ń mọ sábẹ́ ẹfun lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí bu sìmẹ́ńtì ilé sí eyín o! Ti ilé ní ìdọ̀tí àti irin olóró nínú, a kò sẹ́ ẹ fún ẹnu ènìyàn. Ó dàbí ẹni tó gbọ́ pé inú ewéko ni wọ́n ti ń rí oògùn, tó wá lọ ń já gbogbo ewé inú igbó jẹ.

Ìmọ́lẹ̀ tó ń mú irun hù

Ní ọdún 1960 ni Theodore Maiman, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ mú léésà tàn, láti ara òkúta rúbì. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí iná gílóòbù kò le láti mọ̀. Iná gílóòbù a máa fọ́n káàkiri yàrá, gbogbo àwọ̀ ló pò pọ̀ nínú rẹ̀. Ti léésà, àwọ̀ kan ṣoṣo ni, ojú kan náà ló ń lọ, bí ẹgbẹ́ ológun tí ẹsẹ̀ wọn bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó lágbára lè gé irin. Èyí tí à ń sọ nínú ọ̀rọ̀ eyín yìí kò lè gé bébà. Kì í gbóná lára, kì í jó, aláìsàn kì í mọ̀ ọ́n lára rárá.

Bí wọ́n ṣe mọ̀ pé ó wúlò fún ara ènìyàn tiẹ̀ jọ àṣìṣe. Ní ọdún 1967, dókítà Endre Mester ní Budapest, ní ilẹ̀ Hungary, fẹ́ wò ó bóyá léésà lè pa jẹjẹrẹ lára eku. Ó fá irun ẹ̀yìn wọn, ó tan iná náà sí i. Iná ọwọ́ rẹ̀ kò lágbára tó bí ó ṣe rò. Jẹjẹrẹ kò lọ, ṣùgbọ́n irun àwọn eku tí iná bà yára hù ju ti àwọn yòókù lọ. Mester kò sọ ohun tó rí yìí nù. Ó gbìyànjú rẹ̀ lórí egbò tí kò fẹ́ jiná, ó sì rí i pé ó ń ran ìjiná lọ́wọ́.

Àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fara mọ́ lónìí ni pé inú ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké ara wa ni jẹnẹrétọ̀ tíńtìntín wà. Ìmọ́lẹ̀ pupa, àti èyí tó kọjá pupa tí ojú kò rí, máa ń bọ́ sára jẹnẹrétọ̀ náà, á sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ sí i. Agbára á pọ̀ sí i, wíwú á dín, ẹ̀jẹ̀ á rìn dáadáa, bíríkìlà á sì gba okun. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ni gbogbo rẹ̀. Tó bá kéré jù, kò ṣe nǹkan kan. Tó bá pọ̀ jù, á dá iṣẹ́ dúró dípò kó ràn án lọ́wọ́. Ó dà bí iyọ̀ inú àkàrà, aláìmọ̀ọ́sè ló ń rò pé bí ó bá ti pọ̀ tó ló ṣe máa dùn tó.

Ìdajì tó kù

Àwọn olùwádìí ti tan léésà yìí sí mùdùnmúdùn eyín eku, wọ́n ti tàn án sí ti àwọn ènìyàn tí wọ́n fẹ́ yọ eyín wọn tẹ́lẹ̀ nítorí títò eyín, wọ́n sì ti lò ó fún àwọn ọmọdé tí wọ́n gé apá òkè mùdùnmúdùn wọn, tí wọ́n fi ti inú gbòǹgbò sílẹ̀ láàyè. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn ìwádìí yẹn, níbi tí wọ́n ti tan iná náà kí wọ́n tó fi ẹfun tàbí sìmẹ́ńtì eyín dí i, wíwú kéré, ògiri tuntun sì tètè dìde. Nínú àwọn mìíràn, nígbà tó pẹ́ díẹ̀, kò sí ìyàtọ̀ gúnmọ́ láàárín àwọn tí wọ́n tan iná fún àti àwọn tí wọn kò tàn án fún. Oníkálukú ń lo àwọ̀ iná tirẹ̀, agbára tirẹ̀ àti ìṣẹ́jú tirẹ̀, títí di ìsinsìnyí kò sì sí òṣùwọ̀n kan tí gbogbo dókítà eyín fọwọ́ sí fún mùdùnmúdùn.

Ibi tí ẹsẹ̀ léésà yìí ti múlẹ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ẹnu ni egbò tí ìtọ́jú jẹjẹrẹ máa ń dá sí ẹnu aláìsàn. Ní ọdún 2020, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n àgbáyé tó ń rí sí ìtọ́jú irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ fi í sínú ohun tí wọ́n ní kí àwọn dókítà máa lò láti dènà egbò náà. Ti mùdùnmúdùn eyín kò tíì dé ipò yẹn.

Àwọn fọkanáísà Asese á tètè lóye ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Bí táyà bá jò, tí ìṣó ṣì wà nínú rẹ̀, kí fọkanáísà lẹ páàṣì tó dára jù láyé, kó fi iná tó dára jù láyé tẹ̀ ẹ́, ilẹ̀ kò ní ṣú kí táyà tó tún lọ sílẹ̀. Ìṣó ni kó kọ́kọ́ yọ. Léésà aláìlágbára kì í pa kòkòrò inú ihò eyín. Kì í yọ akokoro. Kì í dí ihò. Olùrànlọ́wọ́ bíríkìlà ni, tó ń pọn omi, tó ń gbé bíríkì. Ta ló sì máa ń gbà lébìrà síṣẹ́ nígbà tí kò sí bíríkìlà láàyè nínú ilé náà?

Ẹni tí mùdùnmúdùn eyín rẹ̀ bá ti kú, kò sí iná tó lè jí i. Àṣìṣe tó burú jù sì ń ṣẹlẹ̀ lójú ibí yìí. Bí eyín bá ti dunni fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ìrora wá dáwọ́ dúró lójijì, inú á dùn, wọ́n á ní Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà, tàbí wọ́n á ní oògùn tí wọ́n rà nínú ọkọ̀ ló jẹ́. Nígbà mìíràn, mùdùnmúdùn ló kú. Òkú kì í ké. Àwọn kòkòrò á wá gba yàrá rẹ̀, wọ́n á gba ẹnu ọ̀nà kékeré ìsàlẹ̀ jáde sínú egungun àgbọ̀n, ọyún á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbárajọ. Oṣù díẹ̀ sí i, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú.

Áńtíbáyótíìkì tí wọ́n ń rà ní kẹ́mísì kò lè yanjú èyí, nítorí inú ẹ̀jẹ̀ ni oògùn náà ń rìn, ẹ̀jẹ̀ kò sì wọ inú òkú eyín mọ́. Wíwú lè fà sẹ́yìn díẹ̀, á tún padà. Ọyún náà kì í sì í mọ níbi tó wà nígbà gbogbo. Ní ọdún 1836, dókítà Ludwig ní Jámánì ti ṣàlàyé wíwú kan tó ń bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ahọ́n àti àgbọ̀n, tó ń sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn, tó sì lè dí ọ̀nà èémí. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àìsàn náà títí dòní. Láti ara eyín ni ó sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Ó ṣì ń pa ènìyàn ní Nàìjíríà, ó sì burú jù fún àwọn tó ní àìsàn ìtọ̀ ṣúgà. Ẹni tí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ bá wú, tí kò lè la ẹnu tàbí gbé itọ́ mì, kò gbọdọ̀ dúró di àárọ̀.

Ti omi bátìrì ńkọ́? Ásíìdì tó ń jẹ irin ni. Ó lè pa ìrora lóòótọ́, nítorí ó ń pa mùdùnmúdùn náà ni, ó sì tún ń jó ẹran ìdí eyín, ahọ́n àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́ ọn. Irú rẹ̀ ni ẹ̀tù ìbọn. Kódà ásípíríìnì, tó jẹ́ oògùn gidi bí a bá gbé e mì, bí a bá fi sí ìdí eyín kó máa yọ́ níbẹ̀, á bó ẹran ẹnu ni.

Nítorí náà, kí ni kí ẹni tó ń tajà ní Asese ṣe? Léésà kò sí lóríta, bí ó bá sì wà ní àwọn ilé ìtọ́jú aládàáni kan ní Èkó, owó rẹ̀ kì í ṣe owó àkàrà. Àwọn iná pupa kéékèèké tí wọ́n ń polówó lórí fóònù pé kí ènìyàn máa tàn sí ẹnu nílé kò lè rọ́pò dókítà, ojú sì ni kí ẹni tó bá fẹ́ dán an wò kọ́kọ́ ṣọ́ra fún. Àwọn wẹ́dà kò nílò àlàyé lórí ìyẹn. Dókítà tó bá ń lo léésà gidi máa ń wọ awò, á sì fi awò sójú aláìsàn pẹ̀lú.

Ìròyìn ayọ̀ ni pé ohun tó ń gba mùdùnmúdùn là kò fi dandan béèrè iná mànàmáná. Ní nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1980 sí 1989, ní ilẹ̀ Tanzania, dókítà eyín Jo Frencken àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní ART. Irin ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń ha akokoro tó ti rọ̀ kúrò, kò sí ẹ̀rọ tó ń han gooro, lọ́pọ̀ ìgbà kò sí abẹ́rẹ́, wọ́n á sì fi ẹ̀yà sìmẹ́ńtì kan tó ń lẹ̀ mọ́ eyín gbọn-in dí i. Lábẹ́ igi pàápàá, wọ́n lè ṣe é. Ní ọdún 1994, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé e lárugẹ, nígbà tó sì di ọdún 2021, wọ́n fi ohun tí wọ́n fi ń dí eyín náà sínú ìwé oògùn tí gbogbo orílẹ̀-èdè kò gbọdọ̀ ṣaláìní. Ẹni tó bá dí ihò rẹ̀ báyìí nígbà tí omi tútù nìkan ló ń ta á, mùdùnmúdùn rẹ̀ lè má mọ̀ pé ewu kan tilẹ̀ kọjá.

Láti Asese, Ṣàgámù kò jìnnà, ilé-ìwòsàn ìkọ́ni OOUTH wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà Èkó ní LASUTH ní Ìkẹjà àti LUTH ní Ìdí-Àràbà. UCH wà ní Ìbàdàn, FMC sì wà ní Ìdí-Àbà, Abẹ́òkúta. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ márosẹ̀ àti títò láti gba káàdì lè gba odidi ọjọ́ kan, ìyẹn ni pé àkàrà kò ní sí lọ́jọ́ náà. Ìṣòro tòótọ́ ni, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó ń mú kí ọ̀pọ̀ máa sún un síwájú nìyẹn, títí dídí tó kéré á fi di fífọ ihò gbòǹgbò, tí fífọ gbòǹgbò á sì di yíyọ.

Orin tún wà o. Àwọn onímọ̀ oògùn ní Ìfẹ̀, tí Sofowora wà lára wọn, kọ̀wé ní ọdún 1971 pé omi ara àwọn orin wa kan ń bá kòkòrò jà, orin ata sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn. Ẹni tó bá ń rún orin dáadáa, tó tún ń fi ọṣẹ eyín tó ní fúlóráìdì fọ ẹnu lálẹ́ kó tó sùn, ti ṣe púpọ̀. Ṣùgbọ́n orin kì í dí ihò tó ti lu. Mínírà àti bisikíìtì tí àwọn awakọ̀ ń fi pa ebi nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní tirẹ̀ ń fi ṣúgà bọ́ àwọn kòkòrò lójoojúmọ́.

Nígbà tí alákàrà wa bá dé iwájú dókítà eyín, kò ní kọ́kọ́ rí irin. Dókítà á bi í léèrè bí ìrora náà ṣe ń ṣe: ṣé ó ń lọ kíá bí omi tútù bá lọ, tàbí ó ń dúró pẹ́? Ṣé ó ń jí i lóru? Lẹ́yìn náà, ó lè mú òwú tó tutù bíi yìnyín, kó fi kan eyín náà, kó tún fi kan èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò ní àrùn. Kó má purọ́ nítorí ẹ̀rù yíyọ eyín. Kó gbé ọwọ́ sókè bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, kó sì sọ ọ́ sílẹ̀ bó bá ti dá. Ìṣẹ́jú àáyá tó wà láàárín gbígbé ọwọ́ àti sísọ ọ́ sílẹ̀ ni dókítà ń kà. Bí ọwọ́ náà bá tètè wálẹ̀, bíríkìlà ṣì wà nínú ilé. Bí ó bá pẹ́ lókè, mùdùnmúdùn náà ti ń lọ. Bí ọwọ́ náà kò bá sì gbéra rárá, tí eyín kò mọ̀ pé yìnyín kan òun, kó béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá fífọ gbòǹgbò ṣì lè gbà á là kí wọ́n tó gbé irin ìyọyín.